Ife Ìgbéyàwó Apolena

Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Apolena ṣègbéyàwó, Svatava, ìyá bàbá rẹ̀, ní kí wọ́n kó àwọn ife kírísítálì jáde ní pálọ̀ kí wọ́n fọ̀ wọ́n. Jitka, ìyá ìyàwó, mí kanlẹ̀, ó sì lọ kó wọn. Wọn kì í dáná sí pálọ̀ náà nígbà òtútù. Àwọn ife náà tutù bíi yìnyín.

Bàbá bàbá ọkọ Svatava ló fín wọn. Gbogbo ìyàwó tó bá wọ ilé náà, tàbí tó bá ti ibẹ̀ jáde, inú wọn ló ń mu wáìnì ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Méjìlá ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Láti bí ọdún mélòó kan ni wọ́n ti ń sán lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ti wá ku mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó já ìkankan bọ́. Wọ́n á fọ ife tán, ìlà tín-ín-rín kan á kàn yọ lára rẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì kú.

Svatava kò wá ẹni tó jẹ̀bi jìnnà.

"Ọwọ́ rẹ ló le, Jitka. Ò ń nù wọ́n bí ẹni ń ha ìkòkò."

"Mo máa ń rọra nù wọ́n, Màmá."

"Ìrọra yẹn náà ló pa mẹ́fà. Tí òmíràn bá tún fi lè sán lónìí, Liberec ni ìyókù ń lọ. Zdislava ni màá kó wọn fún." Zdislava ni ìyàwó àbúrò ọkọ Jitka, ìlú Liberec ni wọ́n ń gbé. "Kí Apolena wá ife oníke fi mu tirẹ̀."

"Ọmọ ọmọ yín ni o, Màmá."

"Mo mọ̀. Ìyá rẹ̀ ló ṣe mí ní kàyééfì."

Jitka ti ra ife kan lọ́jà àlòkù, ó yọ́ ọ sáàárín àwọn tó kù, bóyá ìyẹn á tu ìyá ọkọ rẹ̀ nínú. Àmọ́ láti ọmọge ni Svatava ti ń fín gíláàsì ní ilé iṣẹ́ ìlú wọn, títí ó fi di ìyá àgbà: ọwọ́ méjèèjì nínú omi tútù látàárọ̀ dalẹ́, ife lára òkúta tó ń yí tó ń gbọ̀n. Ọwọ́ náà kò yéé pọ́n láti ìgbà yẹn. Ó fi èékánná ta ife kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́tí. Ó gbé e sójú fèrèsé, ó wo òṣùmàrè kékeré tó jù sára ògiri. Lẹ́yìn náà ó fi ojú ọnà tí wọ́n fín sára ife náà ra ètè ìsàlẹ̀ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kan ife ọjà, ó dúró.

"Kí lèyí?"

"Ife ni, Màmá."

"Orí mi ò tíì dàrú, mo rí i pé ife ni. Irin ni wọ́n fi tẹ èyí jáde, bí ẹni tẹ ìyẹ̀fun sínú agolo. Gbogbo ojú ọnà rẹ̀ ló ń yọ̀. Tiwa a máa bu èèyàn jẹ."

"Ìka lẹ ní kí n máa fi wò ó nígbà tí mo dé ilé yìí."

"Ètè gbọ́n ju ìka lọ. Gbé e fún ológbò, kó máa fi mu wàrà."

Ó na ọwọ́ mú èyí tó sán kẹ́yìn, tó gbé sórí pẹpẹ bí ẹlẹ́rìí, ó ń fì í síwájú Jitka.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ wà ní àtàǹpàkò yín."

Svatava wò ó. "Látìgbà wo?" Ó nù ún mọ́ aṣọ ìdáná rẹ̀.

Pòtétò ń hó lórí iná, ooru rẹ̀ ti wá bo ojú fèrèsé. Svatava yọ ọ̀kan nínú ìkòkò, ó fi ìka bó o lórí ìdúró, ó ní ó ti jinná. Ó wá tẹ́ aṣọ ìnura sí ìsàlẹ̀ abọ́ ńlá, kí ife má baà kan abọ́.

"Òrùka rẹ ńkọ́?"

"Mo ti bọ́ ọ."

"Má dorí ife kodò o. Etí rẹ̀ ló jẹ́ ẹlẹgẹ́ jù."

"Mo mọ̀, Màmá."

"O mọ̀, mẹ́fà sì ti lọ."

Omi ọṣẹ gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun, Svatava nìkan ló sì ń pò ó. Jitka na ọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan rí, ìyá àgbà gbá a lọ́wọ́, ó ní ìpara ọwọ́ rẹ̀ á ba omi jẹ́. Ìdí abọ́ kejì ni àyè Jitka, omi tútù tí wọ́n kán ọtí kíkan sí kí ife lè dán. Svatava á fọ ife, á rì í sínú omi tútù. Jitka á yọ ọ́, á nù ún.

Radim, ọkọ Jitka, yọjú wá mú búrẹ́dì.

"Ẹ kúkú fọ́ ìyókù ká sinmi. Wọ́n á ṣáà fọ́ àwo lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà."

"Àwo ni wọ́n fi ń wá oríire fún ìyàwó, kì í ṣe ife! Jáde níbí."

Ife àkọ́kọ́ jáde. Jitka ta á, ó dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Èkejì náà dún. Svatava ki ẹ̀kẹta bọ inú omi ọṣẹ. Wọ́n gbọ́ ìró kékeré kan. Ó gbé ife náà sókè: ìlà ti fà láti etí dé ìdí.

"Ṣé o rí i?"

"Mi ò tíì fọwọ́ kàn án, Màmá!"

"Ẹsẹ̀ rẹ tó ń gbọn ilẹ̀ pákó ni. Àní ojú rẹ nìkan tó láti sán gíláàsì. Ó parí. Zdislava ló ni ìyókù."

Jitka rántí Apolena nígbà tó wà ní kékeré, tó máa ń fi imú tẹ dígí kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń yan ife tí òun máa fi mu. Ó ju aṣọ ìnura sílẹ̀.

"Kò sí ohun tó ń lọ sí Liberec. Ẹ sún, Màmá. Èmi ni màá fọ ìyókù."

"Dán an wò kí o fọwọ́ kan omi mi!"

Jitka ki ọwọ́ bọ inú omi ọṣẹ náà, ó fi igbe ta, ó fa ọwọ́ yọ, ọwọ́ náà ti pọ́n dé ọrùn ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ Svatava méjèèjì ṣì wà nínú omi kan náà, tí ìyá àgbà ń fi wọ́n rọra wá ọṣẹ kiri, tó ń bi í pé, "Kí ló ń mú ọ ké? Ṣebí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, bí omi ọmọ tuntun."