Ojú Ìwé Àkọ́kọ́

Bernadette fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ìwé àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀.

Ọ̀la ni gbèdéke. Bí ẹ̀rí owó orí tí Royce san níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Detroit, ní Amẹ́ríkà, kò bá dé ọwọ́ ìjọba Kánádà, wọ́n á tún gba owó orí lórí owó oṣù kan náà.

Yvette, ìyàwó Royce, ló kó ìwé náà wá sí ọ́fíìsì Bernadette ní Windsor, nínú ọ̀rá búrẹ́dì.

"Berna, ó mà ń pẹ́ o. Ṣé kò pé ni?"

"Ó pé, Àǹtí Yvette. Ẹ̀rọ tí mo fi ń fi ìwé ránṣẹ́ yìí ló ń ṣe wèrè."

Irọ́ ni. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ.

Ọdún mọ́kànlá ni Bernadette ti ń bá tọkọtaya yìí kọ ìwé owó orí ti Kánádà. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè ọmọ, òfo ló máa ń wà níbẹ̀. Yvette kò bímọ rí.

Orúkọ ọmọ méjì ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́ ìwé Detroit yìí. Royce ni bàbá wọn.



"Ẹ jẹ́ ká dúró de Bùrọ̀dá Royce."

"Tí kò ní wálé títí di Sátidé? Gbé ọwọ́ ẹ kúrò, jàre. Ṣé mo fọ́jú ni?"

Yvette fa ìwé náà yọ. Ó fi ìka tọ́ka sí orúkọ méjèèjì, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó ku ẹyọ kan," ó ní.

Yvette ti ìwé náà padà síwájú Bernadette.

"Oṣù kejì ọdún yìí ni wọ́n bí ìyẹn. Ó di ìwé ọdún tó ń bọ̀. Fi ránṣẹ́."