Àga Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀gá

"Ẹ jókòó síbí, Mà. Ọkọ yín á rí yín dáadáa láti ìlà iwájú."

Ọmọ yunifásítì tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nílé ìrànwọ́ àwọn opó ló ń fi àga han ọ̀gá rẹ̀ lórí pèpéle lọ́jọ́ ayẹyẹ ilé náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá yìí kan náà tú báàgì ọmọ náà dà sílẹ̀ lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní ọmọ náà ló ń jí aṣọ tí wọ́n kó wá fáwọn opó. Ọmọ náà fẹ̀jẹ̀ sínú, ó tutọ́ funfun jáde.

"Aṣọ yìí mà yẹ yín o, Mà."

"Òkè òkun ni mo ti rà á."

Ọmọ náà lọ mú ìyá arúgbó tó máa ń ránṣọ fáwọn opó lọ́fẹ̀ẹ́ wá, ó fi wọ́n sí àga ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá. Ìyá tẹjú mọ́ aṣọ náà. Wọ́n yí etí apá rẹ̀ síta, wọ́n fọwọ́ tọ ojú rírán tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn fúnra wọn. Ọmọ náà ti gbé máìkì sún mọ́ wọn lẹ́nu.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni ìyá wí fún ọ̀gá, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́. "Ìgbà wo lọkọ ẹ kú?"

Ní ìlà iwájú, ọkọ ọ̀gá dìde dúró.

Ọmọ náà na máìkì sí ọ̀gá. "Ẹ dá Màmá lóhùn, Mà."