Victorine Onídẹ̀gẹ̀ àti Káró Funfun Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ má fo ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, n kò sì ní fi bò.

1. Ní Pobè níbí, ta ni kò mọ dẹ̀gẹ̀ Victorine? Wàrà tútù tó fi hóró jéró sí, ẹ ó mu ún tán, ẹ ó tún fẹ́ lá ife. Abẹ́ igi ló ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú glásíẹ̀ oníyìnyín kan ṣoṣo tí Màmá Pélagie yá a kí wàrà lè máa tutù. Màmá yìí, ará ìjọ aláṣọ funfun, ló kó àwọn ará ìjọ rẹ̀ wá. Bí wọ́n bá ti jáde ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀dọ̀ Victorine tààrà ni. Á kúnlẹ̀ kí wọn, á sì bu èènì sí i. Àwọn ará Issaba pàápàá ń gun alùpùpù zémìjàn wá.

2. Ó di ọjọ́ tó gba bùtíkì ìtajà, tó tẹ́ káró funfun tó ń dán bíi dígí sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ojú ẹ̀ bá yí padà! Ẹ ó dúró títí ẹsẹ̀ á fi máa ro yín, òun á jókòó ti fóònù. Ẹ bá fẹnu kàn án:

"Ṣé èmi ni mo pè yín ni? Ẹ lọ síbi tó bá yá!"

A ń fara dà á nítorí pé dẹ̀gẹ̀ yẹn dùn. Òmùgọ̀ ni àwa náà.

3. Lọ́jọ́ Àìkú kan, Màmá Pélagie ti ìsìn dé nínú sùtánà rẹ̀, aṣọ funfun ìjọ wọn. Ẹ sì mọ̀ pé wọn kì í wọ bàtà sí sùtánà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé.

"Ẹ dúró síta! Ṣé ẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ eléruku ba káró mi jẹ́ ni?"

"Victorine, èmi mà ni."

"Mo rí yín. Ẹ lọ wọ bàtà wá!"

Ló bá da omi tó fi ń nulẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ta sí sùtánà màmá arúgbó. Aláìnítìjú! Màmá ò bú u. Ó yí padà, àwọn ará ìjọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì bá a yí padà.

4. Ìkórè ìjọ wọn ku ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́dọọdún, Victorine ní í ṣe dẹ̀gẹ̀ tí àwọn àlejò ń mu níbẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni, kò bẹ ẹnikẹ́ni, ó kó gbogbo owó ọjà lé wàrà, ó ṣe é kún àwọn ike ńlá. Ọjọ́ ìkórè pé, ẹnikẹ́ni ò wá gbé e. Chancelle, ọmọ Ita-Djèbou kan, ni wọ́n gbéṣẹ́ fún. Iná lọ, ooru mú, gbogbo wàrà náà bàjẹ́. Kò tó oṣù méjì, kò rí owó ilé san mọ́, onílé sì gba bùtíkì rẹ̀ padà.

Ó sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá, ó ń sunkún.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Ẹ bá mi pe àwọn ará ìjọ padà."

"Mo ti forí jì ọ́ láti ọjọ́ yẹn, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó padà síbi tí wọ́n ti lé e."

Ẹ̀yin oníṣòwò Pobè, ẹ̀yin ti Sakété, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń ra ọjà yín kì í ṣe ẹrú yín. Ẹ má fi ẹnu lé e, ẹ má fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Kò ní bá yín jà. Á kàn máa lọ rà níbòmíràn, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ọjà á fi bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.