Rábì Tí Kì Í Ṣiṣẹ́ Lọ́jọ́ Ìsinmi

Oòrùn ọjọ́ Ẹtì ń wọ̀ nígbà tí òǹgbẹ ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ Aṣeri. Ó sáré lọ bá rábì ilé ìtọ́jú àwọn ọ̀mùtí, ẹ̀rọ olóhùn dídùn tí ìgbìmọ̀ sínágọ́gù àwọn Júù fi rọ́pò Rábì Baruku, nítorí pé bàbá náà ti mutí rí.

“Ẹ jọ̀ọ́, Rábì, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n.”

“Ọjọ́ Ìsinmi ti wọlé. Ẹ padà wá lọ́la, tí ìràwọ̀ mẹ́ta bá yọ, tí Ìsinmi sì parí.” Iná ojú ẹ̀rọ sì kú.

Baruku, tí wọ́n ti sọ di agbálẹ̀, pè é lẹ́nu géètì. “Jókòó, ọmọ mi. Tèmi náà gbọ̀n bẹ́ẹ̀ rí.” Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ títí ọwọ́ náà fi dúró.

Lọ́jọ́ kejì, bí ìràwọ̀ kẹta ṣe yọ, ẹ̀rọ jí, ó gbọ́ ìròyìn alẹ́ àná lẹ́nu Aṣeri, ó sì kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé Aṣeri ò mutí, ìtọ́jú òun ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bá òun kìlọ̀ fún agbálẹ̀ yẹn, ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi.