Màmá Nìkan Ló Lè Wọlé

"Bàbá, bí àyà tó ń dùn mí yìí kò bá rọlẹ̀, màá pè yín. Ṣùgbọ́n ẹ má tẹjú mọ́ fóònù nídìí ayùn o."

Ohun tí ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Ó dá a lóhùn pé, "Màmá, mo ti gbọ́." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí àkọ́bí wọn ni kò ti pè é ní orúkọ mìíràn mọ́.

Ayùn iná ti gé e lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yẹn. Ìgbà méjèèjì, fóònù ló ń yọjú wò. Ọ̀gá ti kìlọ̀ pé ìka kì í hù bí koríko, àti pé ẹ̀ẹ̀kẹta ni òun máa lé e. Ó ti gbìyànjú láti ti fóònù náà mọ́ inú àpótí irinṣẹ́. Ó ti sọ ojú rẹ̀ di dúdú àti funfun kí ó má baà wù ú wò mọ́. Pàbó ló já sí.

Ni Aláwàdà, ẹni tí ń kun àga lọ́dà, bá bá a fi áàpù kan sí i. Títí di aago mẹ́rin, ìpè kankan kò ní dún, àfi ti ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n bá yàn.

"Ta ni ká yàn? Àbí àlè wà níbẹ̀?"

"Ìyàwó mi ni. Ara rẹ̀ kò yá."

"N kò rí ìyàwó kankan níbí."

"Màmá ni mo kọ. Òun ni kí o tẹ̀."

Aláwàdà ní àṣé wọn kò tíì já a lẹ́nu ọmú. Ó tẹ Màmá, ó sì gbé fóònù náà sójú fèrèsé.

Iṣẹ́ yá lọ́jọ́ náà. Kí ó tó di aago méjì, gbẹ́nàgbẹ́nà ti rẹ́ igi tó tó àga mẹ́fà, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pé. Ọ̀gá dúró wò ó, ó bi í pé, "Ṣé ìwọ náà lo wá lánàá?" Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń pa ayùn láti tẹ́tí. Fóònù kò dún. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀: bí àyà náà kò bá rọlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ì bá ti pè.

Aago mẹ́rin lù.

Oṣù kan ti kọjá báyìí. Kò tíì padà sídìí ayùn. Kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ohùn mẹ́ta tí ìyàwó rẹ̀ fi sórí fóònù náà ní ọ̀sán ọjọ́ tí àyà náà pa á. Kò tíì sọ ìdí tí ìpè ìyá wọn kò fi dún fún àwọn ọmọ, kò tíì sọ fún Aláwàdà, kò sì tíì pa Màmá kejì rẹ́ nínú fóònù náà, nọ́ńbà ìyá tó bí i lọ́mọ, tí wọ́n ti sin lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, èyí tí Aláwàdà tẹ̀.