Fáànù Ìgbín

Àlọ́ mi rá pálá, ó rá pálá, kò balẹ̀ sórí ẹlòmíràn àfi Ìgbín.

Ìgbín ra fáànù, fáànù ń gbẹ omi ara rẹ̀ bí ẹni ń sá ẹ̀gẹ́. Ló bá ya fọ́tò rẹ̀ sórí ayélujára pé òun fẹ́ tà á. Kíá ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ oníjìbìtì yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Ìgbín, mo ti sanwó o! Ẹ wo fóònù yín."

Lóòótọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé tó jọ ti báńkì. Ṣùgbọ́n Ìgbín yẹ owó rẹ̀ ní báńkì wò, kò sí ohun tó lé.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Bàbá. Ẹ sáà máa gbé e bọ̀!"

"Ó dáa, mo ń bọ̀."

Ìgbín pọn fáànù, ó kọrí sẹ́nu ọ̀nà. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń dá orin, Ìgbín ń gbè é:

Bàbá, ẹ gbé fáànù jáde o,
Ẹ̀sọ̀, ẹ̀sọ̀.
Owó ti dé, ẹ yára o,
Ẹ̀sọ̀, ẹ̀sọ̀.

Ẹ wo ọgbọ́n àgbà! Ìgbín mọ̀ pé owó gidi kì í pẹ́ lọ́nà tó òun. Bó bá rá díẹ̀, á dúró, á tún báńkì wò. Ọjọ́ kẹta ló tó yọrí síta. Ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀.

"Bàbá, ẹ mà lọ́ra o!"

Ìgbín rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, èmi náà rò pé kò sí ohun tó lọ́ra tó mi nínú igbó yìí, àfìgbà tí mo ń dúró de owó rẹ."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá ní kí Ìgbín yára, inú ìkarahun ló ń wọ̀ lọ.

Àlọ́ mi délé: kò sáré, kò ṣubú.