Kọ̀ǹpútà Tó Dín Ọjọ́ Orí Rẹ̀ Kù

"2019 ni wọ́n ṣe é kẹ̀? Ẹ̀rọ tí mo rà ní 2011!" Bàbá olùfẹ̀yìntì náà yínmú sí kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì ní pálọ̀ rẹ̀ ní Festac. "Arúgbó tó ń pera ẹ̀ lọ́mọge! Òpùrọ́ lásánlàsàn!"

Waris, tó máa ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe, ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má bínú, Dádì. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ní ó ti dàgbà jù fún ètò tuntun tí mo fi sí i. Ni mo bá dín ọjọ́ orí ẹ̀ kù, kí wọ́n má baà lé e dànù."

"Tó bá ti dàgbà, kó fẹ̀yìn tì! Èmi ńkọ́? Ọjọ́ tí mo pé ọgọ́ta ọdún gan-an ni mo kó ẹrù mi kúrò ní ọ́fíìsì. Kò sẹ́ni tó ká irọ́ mọ́ mi lẹ́nu rí. Tètè tún un kọ, mi ò lè bá òpùrọ́ gbélé!"

Waris tẹ̀ ẹ́ títí, 2011 sì yọ lójú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ojú ti èké."

"Ó ku ọjọ́ ìbí yín, Dádì. Kọ̀ǹpútà ń bèèrè ẹ̀."

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

Ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà lórí àga kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Dádì Ìmísí, èwo ni kó kọ? Ọjọ́ tí ìyá yín bí yín ni, àbí èyí tẹ́ ẹ kọ fún ìjọba?"